Ìdí Tí Jòhánù Kò Fi Sùn ní Hòtẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá dé ilé Ọlágúnjú ní Òmù-Àrán, tí ẹ sì bú eré géèmù lójú Ọlárónkẹ́, ẹ ti fọwọ́ fa wàhálà nìyẹn. Yóò ní kí ẹ jókòó, yóò bu omi fún yín, yóò wá sọ fún yín pé eré kan wà tó ṣe ilé àwọn lóore, pé ẹnu òun kò gba ọpẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á kàn máa rẹ́rìn-ín ni, nítorí kò sí èpè tí Rónkẹ́ ò ṣẹ́ lé e nígbà yẹn.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìlú ti le. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba ò dá wọn lóhùn, oṣù ń gorí oṣù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti padà sílé lọ jókòó ti ìyá wọn. Rónkẹ́ wà nínú wọn. Bó ṣe délé ló bá bàbá rẹ̀, Jòhánù Ọlágúnjú, lórí àga ní pálọ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dà á dúbúlẹ̀ nígbà ìkórè iṣu. Ẹsẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ẹnu ti ń sọ̀rọ̀ já gaara. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló yarí.

Jòhánù kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí náírà ń fojú di dọ́là, fómáànù ni ní ilé iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà, kò sì sí apá ibi tí kò dé ní Nàìjíríà. Ìgbà yẹn ló ra tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tó wà ní pálọ̀, èyí tí gbogbo àdúgbò wá ń wò láti ojú fèrèsé. Nígbà tí owó ọ̀hún gbẹ, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, Jòhánù sì gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bọ̀ wálé.

Ohun tó ń ba Rónkẹ́ lẹ́rù ju ọwọ́ náà lọ ni pé bàbá rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ pamọ́. Kò jáde mọ́. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àlejò bá ti kan ilẹ̀kùn, yàrá ló ń sá wọ̀. Gbogbo ilé ló mọ ìdí rẹ̀: bó bá jáde, àwọn èèyàn á nawọ́ sí i, kí ló fẹ́ fi gbà á? Ọwọ́ òsì ni? Jòhánù tí kò jẹ́ gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi òsì gbé e wá, òun náà ni kó wá máa na òsì sí èèyàn lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun kú sínú yàrá.

Ọlábọ̀dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń dẹ òkété, kò yé wá. Ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣú kó má gun alùpùpù rẹ̀ wá láti Èsìẹ́. Ìyá Rónkẹ́, Lucy, á sọ fún un pé ọkọ òun ń sùn. Ọlábọ̀dé á gbọ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá, á mu omi rẹ̀, á dìde. "Bí wẹ́n bá jí, ẹ bá mi kí wọn," ni yóò wí. Ojú a máa ti Rónkẹ́ dé ibi pé kì í lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọwọ́ náà ní Ìlọrin ti fún Jòhánù ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́wọ́. Ó ní bí àtàǹpàkò ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kí òjò tó balẹ̀ dáadáa, ọwọ́ náà lè gan bẹ́ẹ̀ títí ayé. Jòhánù wo bọ́ọ̀lù náà, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó jù ú síta, ewúrẹ́ sì gbé e jẹ.

Nígbà Kérésìmesì, àbúrò Jòhánù tó ń jẹ́ Olúṣẹ̀yẹ kó ìdílé rẹ̀ wálé láti Èkó. Ọmọ rẹ̀, Sámúẹ́lì, tí òun àti Rónkẹ́ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, gbé ẹ̀rọ géèmù kan dání àti kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Eré inú kásẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe ti ìbọn yínyìn tàbí ti bọ́ọ̀lù gbígbá. Ìwọ tó o bá ń ṣe é lo máa di ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde nílé lọ wá ọba ìlú rẹ̀ tó sọnù. Wàá máa rìn láti ìlú dé ìlú, wàá máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wàá máa bá ẹranko jà lójú ọ̀nà kí agbára rẹ lè máa pọ̀ sí i. Wọ́n ti ṣe ọ̀kan jáde ṣáájú rẹ̀. Sámúẹ́lì ní àkọ́kọ́ yẹn dùn, kò gùn, kò sì le, pé ìkejì yìí ni wọ́n fi ìkà ṣe. Èèyàn á rìn títí ọwọ́ á fi máa ro ó, ẹranko kan á wá yọ sí i lórí afárá, á gbé e mì, ó di kó padà sẹ́yìn.

"Àwọn tó ṣe èyí kò fẹ́ràn ọmọ aráyé," ni Sámúẹ́lì wí.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ẹranko orí afárá náà tún gbé e mì, Sámúẹ́lì sì fi ìbínú la páàdì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun ò ní gbé ohun tó ń sọ ọmọ òun di wèrè padà sí Èkó. Bí ẹ̀rọ náà ṣe di ti Òmù-Àrán nìyẹn.

Rónkẹ́ tàn án nígbà tí àìrí-nǹkan-ṣe fẹ́ pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú eré wọ ìlú àkọ́kọ́, ó kọjá lára bàbá arúgbó kan lẹ́nu ibodè, ó ń lọ. Ni ohùn kan bá dún láti orí àga.

"Ṣé bí wẹ́n ṣe ń wọ ìlú onílú nìyẹn? O rí àgbà, o kọjá, o ò kí wọn?"

Rónkẹ́ yí padà. Bàbá rẹ̀ tí kì í wo ohunkóhun mọ́ ti na ọrùn sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Bàbá, kò pọn dandan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, bọ́tìnì pupa ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mo máa tẹ̀."

"Gbé e wá."

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń darí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ìyẹn ò ṣòro fún Jòhánù. Ó yí i padà, ó mú un dúró níwájú bàbá arúgbó. Ó wá fi òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí páàdì, ó gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì pupa. Àtàǹpàkò ò mira. Ó dijú, ó mí kanlẹ̀, àtàǹpàkò ṣì wà níbẹ̀ gbọnrangandan.

"Bàbá, ẹ lè fi òsì tẹ̀ ẹ́."

Jòhánù wò ó. "Kí n fi òsì kí bàbá arúgbó?"

"Àwòrán ni, Bàbá."

"Àgbà ni."

Rónkẹ́ sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ti bàbá rẹ̀, wọ́n sì jọ tẹ bọ́tìnì náà. Bàbá arúgbó sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó, ó kí wọn káàbọ̀ sí ìlú. "Ẹ ṣeun o, bàbá," ni Jòhánù wí sí tẹlifíṣọ̀n. Lucy tó ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé ju ọpọ́n sílẹ̀, ó wá wò ó bóyá àlejò ló dé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá ti dé, Jòhánù á pe ọmọ rẹ̀. Ìyà Rónkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Eré tó ti gùn tẹ́lẹ̀, Jòhánù sọ ọ́ di ìlọ́po. Kò sí ẹni tí kò ní kí. Á kí alágbẹ̀dẹ, á kí obìnrin tó ń pọn omi, á kí ọmọdé tó ń sáré kiri, bó bá sì tún padà gba ibẹ̀ kọjá, á tún wọn kí, nítorí ó ní kíkí àárọ̀ yàtọ̀ sí kíkí ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún ni. Rónkẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, orúnkún á máa ro ó.

Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló wá dáràn sílẹ̀. Ní ìlú àkọ́kọ́ yẹn, ilé àlejò kan wà tí èèyàn lè san owó táṣẹ́rẹ́ kó sùn sí. Rónkẹ́ darí bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Onílé béèrè bóyá wọ́n fẹ́ sinmi. Jòhánù gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Hòtẹ́ẹ̀lì? Ọmọ tí wẹ́n rán lọ wá ọba, ó wá ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, Bàbá."

"Ìyá àgbà tó wà lẹ́bàá kànga ńkọ́? Ṣé kò sọ pé òun mọ bàbá rẹ̀?"

Lóòótọ́, ìyá àgbà kan wà lẹ́bàá kànga tó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé òun mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Rónkẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kábàámọ̀ pé òun túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹni tó mọ bàbá rẹ wà nílùú, o kọjá ilé rẹ̀, o lọ sanwó hòtẹ́ẹ̀lì? Èébú ńlá nìyẹn! Láti Sókótó dé Kàlàbá ni mo la ọ̀nà dé, mi ò sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì rí. Bí mo bá ti dé ìlú, màá béèrè ọmọ Ìgbómìnà tó wà níbẹ̀. Ọmọ Omupo ni mo bá gbé ní Jọ́ọ̀sì. Obìnrin Ìjàrà-Ìsin kan ló ń fún mi lóúnjẹ ní Kàlàbá. Àwọn tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, a mọ ohun tí wẹ́n ń wá lọ."

"Obìnrin wo ní Kàlàbá?" ni Lucy béèrè láti ẹ̀yìnkùlé.

"Arúgbó ni, Lucy. Kò ní eyín."

Bó ṣe kọ hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Á darí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sílé ìyá àgbà ẹ̀bá kànga, á kí i, á dá a dúró sẹ́bàá ààrò, á sì ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Òun náà á dìde lọ mu omi. Bó bá padà dé, á ní oorun ti tó, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, wọ́n á máa lọ. Ìlú yòówù tí wọ́n bá dé, á wá ilé ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sinmi.

Wọ́n á rìn títí, iná á lọ. Bí iná bá sì dé, tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà ilé ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni wọ́n á tún bá ara wọn. Gbogbo ìrìn ti parẹ́. Agbára ti lọ, idà ti lọ, àwọn tí wọ́n ti kí kò mọ̀ wọ́n rí. Ìwé tó ṣàlàyé eré wà ní Èkó lọ́dọ̀ Sámúẹ́lì, Rónkẹ́ sì ti gbà pé bí wọ́n ṣe ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, pé kì í rántí nǹkan kan. Ó bú àwọn tó ṣe é, ó bú ìyá tó bí wọn. Ìyanṣẹ́lódì ti gba ọdún lọ́wọ́ òun, eré yìí tún ń gba ohun tó kù.

Jòhánù ò bínú. "Afárá tí a ṣe sí ọ̀nà Bàbáńlá, òjò gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì," ni yóò wí. "A tún un ṣe. Tàn án." Á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá arúgbó ẹnu ibodè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n borí ẹranko orí afárá tí Sámúẹ́lì ò lè borí. Alágbẹ̀dẹ tí Jòhánù ń kí ní gbogbo ìgbà ló fún wọn ní idà tó pa á. Rónkẹ́ fò sókè, ó ń jó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sí òdìkejì odò. Iná lọ. Rónkẹ́ wolẹ̀ sórí ẹní, ó sunkún bí ẹni tó ṣòfò, kì í sì í ṣe nítorí géèmù nìkan. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀, Ọlábọ̀dé ti wá ó sì ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá òun ṣì wà lórí àga kan náà.

Àwọn ọjọ́ yẹn náà ni Jòhánù ti ọwọ́ Rónkẹ́ dànù. "Gbé àtàǹpàkò rẹ kúrò," ló wí. "Ó wúwo." Rónkẹ́ rò pé ara ló ń kan bàbá òun. Ó dìde wọ ilé ìdáná lọ yan gààrí, ó ń ráhùn fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ọkùnrin kò mọ oore. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kí àwọn ará ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ọkàn sí i.

Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde ni Sámúẹ́lì dé. Bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ tán, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n bá eré dé. Rónkẹ́ tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: bí iná ṣe ń lọ, bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń parẹ́, bí kásẹ́ẹ̀tì náà kò ṣe ń rántí nǹkan kan.

"Kì í rántí báwo?" ni Sámúẹ́lì wí. "Ṣé ẹ ò sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ni?"

Rónkẹ́ yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá ti sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, á tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé. Iná ì báà lọ fún ọdún kan, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Àb'ẹ́yin ò sùn rí?" Ó wo ojú Rónkẹ́, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. "Láti Kérésìmesì? Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìyá rẹ̀?"

Orí Rónkẹ́ gbóná. Gbogbo oṣù yẹn! Ó la ẹnu pé kóun sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí bàbá rẹ̀. Sámúẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú páàdì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi hàn wọ́n.

"Gbé e fún mi," ni Jòhánù wí. Ó nawọ́, ó sì gbà á.

Ọwọ́ ọ̀tún ló nà. Ó nà án láti orí itan, láìfi òsì gbé e, ìka pa dé mọ́ páàdì, àtàǹpàkò wà lókè rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sámúẹ́lì. Lucy tó ń gbé abọ́ bọ̀ jókòó sórí àpótí tó sún mọ́ ọn, abọ́ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jòhánù nìkan ni kò fura. Ó gbé ojú sókè, ó rí i pé gbogbo wọn ń wo ọwọ́ òun, òun náà bá wò ó. Ó ṣí i, ó pa á dé. Ó tún ṣí i.

"Lucy," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Lucy, wò ó."

Lucy gbé abọ́ sílẹ̀, ó na ọrùn wò ó. Rónkẹ́ ti wà nílẹ̀ lórí eékún, ó di ọwọ́ náà mú, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí bàbá òun bá ti sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ì bá ti kí bàbá arúgbó ẹnu ibodè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ? Ìbínú tó wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú di ọpẹ́, ó dúpẹ́ títí Sámúẹ́lì fi ní kó jẹ́ kí bàbá mí.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, Jòhánù nu ojú. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́, kí ọmọ náà lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ dandan. "Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá àgbà ẹ̀bá kànga. Kó má di pé wẹ́n ń retí rẹ̀."

Wọn ò tíì dé ibi kànga tí alùpùpù fi dún níta. Ọlábọ̀dé ni. Òjò ò jẹ́ kó lè wá lọ́jọ́ Àjíǹde. Lucy dìde láti lọ sọ ohun tó máa ń sọ fún un, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níwájú rẹ̀. Jòhánù ti dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ tó ṣì ń wọ́ díẹ̀ jáde sí ìta gbangba, nínú oòrùn, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ọlábọ̀dé dúró lójú kan. Kò tíì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sójú láti ìgbà ìkórè, gbogbo ohun tó mọ̀ ni èyí tí wọ́n sọ fún un, pé ọwọ́ ọ̀tún ti kú. Ó ti rò ó pẹ́ pé bí Ọlọ́run bá jẹ́ káwọn pàdé, òun ò ní jẹ́ kójú tì í. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì na ọwọ́ òsì sí i.

Rónkẹ́ rí i. Ó mọ ohun tí ìyẹn ná an. Ọlábọ̀dé Èsìẹ́, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ló na òsì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbangba kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa nìkan wà nínú ìtìjú.

Jòhánù wo ọwọ́ náà. "Ọlábọ̀dé, òsì kẹ̀?" ló wí. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ó na ọ̀tún. Ọwọ́ náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Fìlà já bọ́ sílẹ̀. Ọlábọ̀dé fi ọ̀tún gbà á, ó tún fi òsì bò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Rónkẹ́ fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìkà tí kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n jókòó sí ìlú òkèèrè, tí wọ́n ṣe eré tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

"Jòhánù," ni Ọlábọ̀dé wí, "ò ń fún ọwọ́ mi jù. Ó ń dùn mí."

"Jẹ́ kó dùn ọ́," ni Jòhánù wí, kò sì fi í sílẹ̀.